Orin Ìrẹmọlẹ́kún ní Òdòdé Ìdànrè: Ta Ni A Ń Kọ Ọ́ Fún?

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan ní Òdòdé, mo ka orin kan sí etí ìyá àgbà kan tí ó ti kọ ọ́ ní ojú mi ní alẹ́ àná rẹ̀. Mo ti kọ orin náà sínú ìwé mi, mo ti fi àmì ohùn sí i dáadáa, mo sì ti pín in sí ìlà mẹ́jọ gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti kọ́ wa ní kíláàsì. Ìyá fi ara balẹ̀ gbọ́ mi títí mo fi kà á tán. Nígbà náà ni wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, 'Ọmọ mi, ta ni ó lè sùn sí eléyìí?'

N kò ní purọ́, ẹ̀rín náà dùn mí. Ṣùgbọ́n bí mo ti ń sọ̀kalẹ̀ lọ sí ibùdókọ̀ ni mo ń rò ó pé nínú gbólóhùn kan ṣoṣo náà, ìyá yìí ti yẹ iṣẹ́ mi wò ju bí ọ̀pọ̀ nínú wa ti ń yẹ ewì wò lọ. Ohun tí a dá orin náà sílẹ̀ fún ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n, kò sì wọ̀n tó.

Láàrin àwa tí a ń kọ́ èdè Yorùbá, ewì ní ipò bí ìjòyè ti ní ipò. Ìjálá ni ó wà ní iwájú, pàápàá láti ìgbà tí Adébóyè Babalọlá ti gbé ìwé rẹ̀ lórí rẹ̀ jáde ní 1966. Ẹ̀sà egúngún ń tẹ̀ lé e, rárà ń bọ̀ lẹ́yìn, ẹkún ìyàwó náà kò sì gbẹ́yìn jù. Orin ìrẹmọlẹ́kún ni a máa ń fi sí ẹ̀yìn pátápátá, ní ibi tí orin eré òṣùpá wà, bí ẹni fi ọmọdé sí ẹ̀gbẹ́ kan níbi àsè. Mo ti gbọ́ ọ láti ẹnu ẹlẹgbẹ́ mi kan, ẹni tí mo bọ̀wọ̀ fún, pé kì í ṣe ewì rárá, pé ariwo tí ó dùn létí lásán ni. Ó ní ó kúrú. Ó ní ohun kan náà ni a ń sọ nígbà mẹ́wàá. Ó ní àwọn ọ̀rọ̀ mìíràn wà nínú rẹ̀ tí kò ní ìtumọ̀ kankan. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. N kò bá a jiyàn pé nǹkan wọ̀nyí wà níbẹ̀. Ohun tí mo bá a jiyàn lé lórí ni pé wọ́n jẹ́ àléébù.

Orúkọ Ìdànrè kúkú ti wọ inú lítíréṣọ̀ àgbáyé tipẹ́. Ní 1967 ni Wọlé Ṣóyínká gbé ìwé ewì rẹ̀ tí ó fi Ìdànrè sọ lórúkọ jáde ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, Ògún sì ni ó gba ipò iwájú nínú ewì ńlá tí ó parí ìwé náà. Ẹni tí ó bá ti rí àwọn àpáta ńláńlá tí ó yí Òdòdé ká, kò ní bèèrè ìdí tí akéwì fi gbé Ògún síbẹ̀. Ṣùgbọ́n àpáta kọ́ ni gbogbo Ìdànrè. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún ni ọ̀pọ̀ ará ìlú sọ̀kalẹ̀ láti Òkè Ìdànrè wá sí ìsàlẹ̀. Àtẹ̀gùn tí ó lé ní 600 ni alejò ń gùn lónìí kí ó tó dé ìlú àtijọ́ náà. Bí mo bá sì ti wo àtẹ̀gùn yẹn, ohun tí ó máa ń wá sí mi lọ́kàn ni iye àwọn obìnrin tí ó ti gba ọ̀nà òkè yẹn kọjá pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn. Kò sí akéwì tí ó kọ ewì nípa ìyẹn. Àwọn fúnra wọn ni wọ́n ń kọ ọ́, ní ohùn jẹ́jẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n padà sí alẹ́ ọjọ́ náà. Ọmọ inú ilé náà tó bí oṣù mẹ́jọ. Oorun ń kùn ún, ó hàn gbangba: ó ń fi ọwọ́ nu ojú, ó ń fa etí ara rẹ̀, ó ń yán. Ṣùgbọ́n kò gbà. Ìyá rẹ̀, tí ó ti oko kòkó dé ní ìrọ̀lẹ́, fún un ní ọmú. Ó mu díẹ̀, ó tu ú sílẹ̀, ó na ẹ̀yìn gan-an bí ọrun. Ìyá rẹ̀ tẹ́ ẹ sílẹ̀. Kí ẹ̀yìn rẹ̀ tó kan ẹní ni ó ti figbe ta. Bí wọ́n ṣe ṣe é nìyẹn nígbà mẹ́ta, títí tí ojú ìyá ọmọ náà pàápàá fi ń kún fún omi. Nígbà náà ni ìyá àgbà na ọwọ́, wọ́n gba ọmọ, wọ́n dà á sẹ́yìn, wọ́n fi ìró pọ̀n ọ́n, wọ́n sì fi ọ̀já gbà á pinpin.

Ohun tí mo ṣàkíyèsí kọ́kọ́ ni pé wọn kò bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀rọ̀. Hùn-hùn ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, kò sì rọlẹ̀ rárá. Ó ga, ó sì yá, ó bá ẹkún ọmọ náà dọ́gba, ẹsẹ̀ wọn náà sì ń yára láti ẹnu ọ̀nà dé ìdí àmù. Èmi tí mo rò pé jẹ́jẹ́ ni a ń fi rẹ ọmọ lẹ́kún, ẹnu yà mí. Ó pẹ́ díẹ̀ kí n tó mọ̀ pé wọ́n lọ pàdé ọmọ náà níbi tí ó wà ni. Nígbà tí wọ́n bá a tán, wọ́n wá ń fà á sọ̀kalẹ̀: ẹsẹ̀ falẹ̀ díẹ̀, orin falẹ̀ díẹ̀, ẹkún náà falẹ̀. Ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ inú rẹ̀. Ọwọ́ wọn ń gbá ìdí ọmọ náà pẹ́pẹ́ ní orí ìlù kan náà. Ìlà mẹ́jọ tí mo kọ sínú ìwé, mo rò pé wọ́n kọ ọ́ ju ìgbà ogún lọ, kò sì sí ìgbà kan tí ó dọ́gba pẹ̀lú èyí tí ó ṣáájú, nítorí pé ìgbà kọ̀ọ̀kan ni ó ń lọ sílẹ̀ sí i. Ní ìkẹyìn, ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í já bọ́ kúrò nínú rẹ̀ bí ewé igi. Ìlà mẹ́jọ di mẹ́ta, mẹ́ta di ọ̀rọ̀ kan, ọ̀rọ̀ kan di hùn-hùn.

Ọmọ náà ti sùn. Ìyá àgbà kò tú ọ̀já. Wọ́n jókòó sí etí àpótí pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn, wọ́n sì ń mira díẹ̀díẹ̀. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀, wọ́n gbé ìka sí ẹnu. Ó pẹ́ kí wọ́n tó tú u, kí wọ́n sì tẹ́ ẹ sí orí ẹní, ọwọ́ wọn kan sì wà ní àyà rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ sí i.

Ǹjẹ́ báwo ni a ó ti fi òṣùwọ̀n ìjálá wọn irú nǹkan báyìí? Nínú ìjálá, a fẹ́ kí ọ̀rọ̀ tuntun máa yọ ní gbogbo ìgbà. A fẹ́ kí etí wa máa ta, kí a máa sọ pé, 'Ẹ gbọ́ nǹkan!' Bí onírẹmọ bá ṣe bẹ́ẹ̀, ó ti ba iṣẹ́ ara rẹ̀ jẹ́. Ohun tuntun ni ó ń jí ènìyàn. Àtúnsọ tí ẹlẹgbẹ́ mi kà sí àìní ọ̀rọ̀ ni ògiri tí gbogbo ilé náà dúró lé: ọmọ náà gbọ́dọ̀ mọ ohun tí ó ń bọ̀ kí ó tó dé, kí ó má bàa ní ìdí láti la ojú dúró dè é. Ní ti orin yìí, ìwọ̀n ìlà kọ́ ni ó yẹ kí a máa kà bí kò ṣe ìṣísẹ̀.

Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ti bẹ̀rẹ̀ sí í bá àwọn ìyá àgbà dé ibi kan náà. Ní 2022, àwọn olùwádìí ní ilé ìwádìí RIKEN ní Jàpáànù gbé àbájáde iṣẹ́ kan jáde lórí àwọn ọmọ ọwọ́ 21 àti ìyá wọn. Wọ́n rí i pé bí ìyá bá gbé ọmọ tí ó ń sunkún tí ó sì ń rìn fún ìṣẹ́jú márùn-ún, ẹkún a rọlẹ̀, nǹkan bí ìdajì wọn a sì sùn. Bí a bá wá tẹ́ wọn sílẹ̀ kíákíá, ọ̀pọ̀ a tún jí, nítorí pé ìgbà tí ara ọmọ bá bẹ̀rẹ̀ sí í kúrò lára ìyá gan-an ni ọkàn rẹ̀ ń sáré, kì í ṣe ìgbà tí ó bá kan ibùsùn. Ìmọ̀ràn wọn ni pé kí ìyá jókòó pẹ̀lú ọmọ fún ìṣẹ́jú márùn-ún sí mẹ́jọ sí i kí ó tó tẹ́ ẹ. Ọwọ́ ni àwọn ìyá ibẹ̀ fi gbé ọmọ, kì í ṣe ẹ̀yìn, ṣùgbọ́n nígbà tí mo kà á, àpótí tí ìyá àgbà jókòó sí ni mo rí.

Iṣẹ́ mìíràn wà tí ó dí mi lójú fún ìgbà pípẹ́, nítorí pé ó fẹ́ da ọ̀rọ̀ mi rú. Ní 2020, àwọn olùwádìí Yunifásítì Harvard kọ àkọsílẹ̀ nípa bí wọ́n ti lu orin ìrẹmọlẹ́kún láti oríṣiríṣi ilẹ̀ fún àwọn ọmọ ọwọ́ ní Amẹ́ríkà, ní àwọn èdè tí àwọn ọmọ náà kò gbọ́ rí. Ọkàn àwọn ọmọ náà rọlẹ̀ sí orin ìrẹmọ ju bí ó ti rọlẹ̀ sí àwọn orin mìíràn lọ. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ọmọ kò nílò ọ̀rọ̀ inú orin. Ohùn ni ó ń bá a sọ̀rọ̀. Bí ọ̀rọ̀ bá rí bẹ́ẹ̀, ṣé ẹlẹgbẹ́ mi kò wá jàre pé ariwo dídùn lásán ni?

Mo rò ó títí. Ibi tí mo dé ni pé bí ọmọ kò bá nílò ọ̀rọ̀, tí àwọn ìyá sì tún ń fi ọ̀rọ̀ sí i, a jẹ́ pé ẹlòmíràn ni a ń bá sọ̀rọ̀. Orin ìrẹmọlẹ́kún ní olùgbọ́ méjì. Ọ̀kan wà ní ẹ̀yìn, ohùn ni tirẹ̀. Èkejì wà ní ìta, tàbí ní yàrá kejì, tàbí nínú akọrin fúnra rẹ̀. Òun ni ó ni ọ̀rọ̀.

Akéwì ará Sípéènì nì, Federico García Lorca, sọ ohun tí ó jọ èyí nínú àsọyé kan tí ó ṣe ní Madrid ní 1928. Ó ní ó ya òun lẹ́nu pé orin tí ó ní ìbànújẹ́ jù lọ ni àwọn obìnrin ilẹ̀ òun fi ń mú ọmọ sùn, ó sì tọ́ka sí i pé àwọn obìnrin tálákà, tí ọmọ jẹ́ ẹrù lé wọn lórí, ni wọ́n ṣẹ̀dá ọ̀pọ̀ nínú wọn. Mo gbà pẹ̀lú rẹ̀ dé ààyè kan. Ní ọ̀dọ̀ tiwa, kò sí ẹni tí yóò pe ọmọ ní ẹrù lójú gbangba. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá gbé inú agbo ilé rí mọ̀ pé ìyàwó ilé kò lè dìde kí ó sọ gbogbo ohun tí ó wà ní inú rẹ̀ fún ìyá ọkọ tàbí fún ọmọ ilé. Kò sí ẹni tí yóò sì sọ pé kí ó má rẹ ọmọ lẹ́kún. Bí a bá ń sunkún, à máa ríran. Bí a bá sì ń rẹ ẹlẹ́kún, à máa sọ̀rọ̀.

Ìyá àgbà yìí kan náà ni ó là mí lóye. Nínú orin wọn, ìlà méjì àkọ́kọ́ ń ṣìkẹ́ ọmọ, ìlà kẹta sì yà sọ́tọ̀: ó ń sọ̀rọ̀ ẹnì kan tí ó jẹun tán tí kò wo ẹ̀yìn. Mo rò pé ẹyẹ ni, tàbí ẹran, bí a ti máa ń bá a pàdé nínú irú orin báyìí. Wọ́n ní rárá o. Nígbà tí àwọn jẹ́ ìyàwó kékeré, àbúrò ọkọ wọn obìnrin a máa jókòó sí ìta ní alẹ́, lẹ́yìn tí ó bá ti jẹ oúnjẹ tí àwọn sè pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn, kò sì jẹ́ gba ọmọ lọ́wọ́ wọn rí. Àwọn kò bá a jà. Alaalẹ́ ni àwọn ń kọ ìlà kẹta. Mo bèèrè bóyá obìnrin náà mọ̀. Wọ́n ní, 'Ó mọ̀. Kí ni yóò wá sọ? Ọmọ ni mo ń bá wí.'

Èyí ni ẹ̀yin òǹkàwé kò fi ní rí orin náà nínú àròkọ yìí. Àwọn ọmọ obìnrin yẹn ṣì wà ní agbo ilé kan náà, ìyá sì bẹ̀ mí pé kí n má tẹ̀ ẹ́ jáde. Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò sọ pé a kì í ṣe àyẹ̀wò ewì tí a kò fi han ènìyàn. Mo gbà. Ṣùgbọ́n kí wọ́n rò ó wò pé bí mo bá tẹ ìlà mẹ́jọ náà síbí, ìlà kẹta yóò di ọ̀rọ̀ ẹyẹ padà ní ojú gbogbo yín.

N kò wá yin orin náà títí kí n má rí àléébù rẹ̀. Ìlà márùn-ún àti ìkẹfà kò dára tó, mo sì sọ ọ́ fún ìyá. Oríkì orílẹ̀ ọmọ náà ni wọ́n kó síbẹ̀, ó sì pọ̀. Nígbà tí ọmọ náà ti ń tòògbé, tí orin sì dé ibi oríkì yìí, ó la ojú, ó gbé orí sókè. Ó yẹ kí ó rí bẹ́ẹ̀, nítorí pé iṣẹ́ oríkì ni láti mú orí ẹni wú. Oríkì ni àwọn ìyá wa fi ń kí ọmọ ní òwúrọ̀ kí ara rẹ̀ lè yá gágá. Ti òwúrọ̀ ni. Ẹni tí ó bá ń ki ọmọ tí ó fẹ́ kí ó sùn, ọwọ́ kan ń ti ilẹ̀kùn, ọwọ́ kejì ń ṣí i. Mo rò pé ìfẹ́ ni ó kó wọn sí i, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n sì ti kọ́ ọ lọ́dọ̀ ìyá tiwọn. Ìyá gbọ́ mi, wọn kò bínú. Wọ́n ní ọmọ gbọ́dọ̀ mọ ibi tí òun ti wá kí ó tó lọ sí ibi tí òun kò mọ̀. Oorun ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Èsì náà dára, ṣùgbọ́n ọmọ náà ṣì la ojú.

Ó ku ọ̀rọ̀ èdè, èyí tí ó ká mi lára jù lọ. Àwọn Ìdànrè a máa pe ilé ìbí wọn ní Ufẹ̀ Òkè. Ẹni tí ó bá ti ka ìwé gírámà wa mọ̀ pé nínú Yorùbá ìwé, ọ̀rọ̀ orúkọ kì í fi 'u' bẹ̀rẹ̀; Ifẹ̀ ni ìwé yóò kọ. Ìyàtọ̀ kékeré ni lójú ẹni tí ó ń kàwé, ṣùgbọ́n ẹ kọ ọ́ lórin kí ẹ wò ó. 'U' ń wá láti ọ̀nà ọ̀fun pẹ̀lú ètè tí ó ká jọ, ó sún mọ́ hùn-hùn. 'I' ń fẹ ètè, ó mú. Nínú orin tí ó ń lọ sínú hùn-hùn díẹ̀díẹ̀, ọ̀nà tí ó rọrùn ni 'u' ń gbà lọ. Ju ìyẹn lọ, orin wa ń tẹ̀ lé ohùn ọ̀rọ̀. Bí a bá fi ọ̀rọ̀ ilé ìwé rọ́pò ọ̀rọ̀ ilé, tí ohùn rẹ̀ bá yàtọ̀, tàbí tí ó fi sílébù kan gùn jù ú lọ, orin náà yóò ṣẹ́ níbẹ̀. Àwọn ọmọ wa tí wọ́n ń gbé ìlú ńlá sì ti ń ṣe é bẹ́ẹ̀, nítorí pé Yorùbá ìwé ni wọ́n mọ̀. Àwọn mìíràn kò tilẹ̀ kọ ọ́ mọ́. Wọ́n a fi fóònù sí ẹ̀gbẹ́ ìrọ̀rí, kí ó máa kọrin. N kò ní bú wọn, àárẹ̀ ni, ìwádìí Harvard tí mo mẹ́nu bà sì jẹ́rìí sí i pé orin inú ẹ̀rọ kò ṣàì wúlò. Ṣùgbọ́n fóònù kò mọ̀ pé ọmọ ti falẹ̀ kí òun náà falẹ̀. Kò sì ní àbúrò ọkọ.

Ní ìgbà tí mo tún padà sí Òdòdé, ọmọ-ọmọ ìyá náà kan ti Àkúrẹ́ wá kí wọn pẹ̀lú ọmọ tirẹ̀. Ìyá àgbà ti sùn. Mo gbọ́ tí ọmọbìnrin náà ń kọ orin mẹ́jọ-ìlà yẹn nínú yàrá, ní Yorùbá ìwé. Mo fi etí sílẹ̀ bí amòfin tí ó ń dúró de irọ́ ẹlẹ́rìí. Gẹ́gẹ́ bí mo ti sọ tẹ́lẹ̀, orin náà ṣẹ́ ní ìlà kẹrin. Nígbà tí ó dé ibẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, kò pe ọ̀rọ̀ náà mọ́, ó fi hùn-hùn dí ojú ihò rẹ̀, ó sì kọjá lọ sí èkarùn-ún. Ó fo oríkì pátápátá. Mo gbà pé kò mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ó kọ ìlà kẹta bí ó ti wà gan-an, ní èdè Ìdànrè. Kí n tó mu omi tí ó wà ní ọwọ́ mi tán, ọmọ náà ti sùn.